Gòjé Tí Hàwáwù Sọ Di Arúgbó

Ẹ má wá bẹ̀ mí mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ parí ìjà èmi àti Hàwáwù, kó kọ́kọ́ fìdí jókòó, kó gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn fojú mi rí. Gbogbo agboolé wa lẹ́yìn Ìgà Ìdúngánran ló ti bẹ̀ mí tán. Lèmọ́mù bẹ̀ mí. Ìyá àgbà tí kò lè dá rìn mọ́, wọ́n gbé e jókòó síwájú mi, òun náà bẹ̀ mí. Mo ní mo ti gbọ́. Ẹnu ni mo fi gbọ́ o, inú mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Orúkọ mi ni Rùkáyátù. Bùsàrí, bàbá Mariyah, ni ọkọ mi. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ṣùgbọ́n Ìsàlẹ̀ Èkó ló ti lo ayé rẹ̀, iṣẹ́ gòjé ló sì ń ṣe. Òun kọ́ ló ń ta á lóde o; òun ló ń ṣe é fún àwọn onísákárà tó ń ta á. Igbá tó nípọn ló máa ń wá, á na awọ alégbà bò ó lójú, á dá ihò kan sára awọ, á ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, á wá fi irù ẹṣin ṣe okùn rẹ̀. Awọ yẹn gan-an ni iṣẹ́. Nígbà tó bá tutù la ń nà án. Èmi ni mo máa ń di etí kejì mú, bàbá Mariyah á máa fà á, á máa fi ìka kàn án, á dẹtí sí i, á tún fà á. Bó bá ti gbẹ mọ́ etí igbá, ó parí nìyẹn. Ẹni tó bá ṣí i kò lè dá a padà mọ́, àfi kó wá awọ mìíràn, ohùn mìíràn ni yóò sì máa sọ.

Ọdún tí ìjọba kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Àbújá, tó fi àwa sílẹ̀ sínú gọ́tà Ìdúmàgbò, lọdún náà ni ẹ̀gbà kọlu ọkọ mi. Apá ọ̀tún kú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kú. Ẹnu wọ́. Ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ méjì ló kù tó lè sọ, á sì làágùn kó tó sọ ọ́. Gòjé kan wà lára ògiri wa nígbà náà, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kí àìsàn tó dé. Lùkúmọ̀n ló ti rà á, onísákárà kan ní Àjàṣẹ́, ní ìkọjá ẹnubodè, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ó ti sanwó rẹ̀ pé kí wọ́n tó gé igbá pàápàá.

Dókítà ní ọwọ́ yẹn kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gòjé yẹn ni àṣekẹ́yìn ọkọ mi láyé. Òun náà mọ̀. Láràárọ̀ tí mo bá ń fún un lẹ́kọ mu, á wo ògiri, á wo ẹnu ọ̀nà, á ní, "Lùkúmọ̀n." Ó yé mi. Kí gòjé náà dé ọwọ́ ẹni tó máa ta á, kí wọ́n gbọ́ ohùn tí òun fi sínú rẹ̀, kó má kú sára ògiri bí ọwọ́ òun ṣe kú sára òun. Kò tún béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ayé.

Lùkúmọ̀n wá ránṣẹ́ pé àsè wàlímọ́ọ̀tì ńlá kan ń bọ̀ ní Àjàṣẹ́, gòjé yẹn ló wu òun láti gbé lọ, ṣùgbọ́n òde ń pe òun lọ́tùn-ún lósì, òun ò lè kúrò ní Àjàṣẹ́. Ó ní kí a bá òun fi rán ẹni tó mọ̀nà.

Ta ló tún mọ̀nà ju Hàwáwù lọ? Ìyá Tawfiq ni à ń pè é, yàrá rẹ̀ àti tèmi dojú kọra. Bàtà àti léèsì ló ń tà, Kútọnu ló ti ń kó wọn, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í kọjá ní ẹnubodè. Mo fi fóòmù wé gòjé náà, mo tún fi ìborùn mi tó dára jù wé fóòmù. Mo gbé e lé e lọ́wọ́. Mo ní, "Ìyá Tawfiq, ọkọ mi lo gbé dání yìí o." Ó ní, "Ìyá Mariyah, fọkàn balẹ̀ jàre. Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní ẹnubodè?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn tó ń ná Kútọnu ṣe ń ṣe, kí ọ̀rọ̀ lè yé yín. Tí o bá gbé ohun tuntun kọjá, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, ìbáà ṣe tiwa tàbí ti ọ̀hún, á gbowó tó tó owó ọjà lórí ẹ. Tó bá jẹ́ àlòkù, wọn á ní kó o máa lọ. Nítorí náà àwọn obìnrin yìí kì í gbé ohun tuntun kọjá. Bàtà tuntun, wọ́n á wọ̀ ọ́ rìn nínú iyẹ̀pẹ̀. Léèsì, wọ́n á ró o mọ́ ìdí. Ìkòkò, wọ́n á gbé e ka iná títí ìdí rẹ̀ á fi dúdú. Sísọ ẹrù di arúgbó ni wọ́n ń pè é, wọ́n a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Èmi náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rò ó pé ènìyàn á gbé gòjé, á sọ ọ́ di arúgbó? Ṣé ìkòkò ni?

Hàwáwù sọ ọ́ di arúgbó. Kò dágbére fún mi, kò béèrè. Ó gbé gòjé ọkọ mi lọ sí Ẹ̀bútẹ́ Èrò, lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ tó ń yan ẹja, ó sì gbé e kọ́ sórí ààrò. Ó jẹ́ kí èéfín ẹja bò ó lára títí tó fi dúdú. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀, ó fi epo pupa pa á, ó da iyanrìn lé epo. Òwú pupa tuntun tí bàbá Mariyah so mọ́ ọn lọ́rùn, ó já a sọnù, ó so àkísà mọ́ ọn. Ìgbà tó wá ṣe gbogbo ìyẹn tán, ó fọn eérú gba ihò ojú awọ kí inú rẹ̀ náà lè dàgbà. Ẹ gbà mí o! Inú rẹ̀ náà!

Ó lọ. Ìgbà tó dé, kò wọ yàrá mi, tirẹ̀ ló wọ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo tẹ̀ lé e. Mo ní, "Ìyá Tawfiq, ẹ kú ìrìn. Kí ni Lùkúmọ̀n wí?" Kò wo ojú mi. Ó ní, "Wọ́n gbà á."

"Ta ló gbà á?"

"Kọ́sítọ́ọ̀mù."

"Ti ọ̀hún?"

Ó ní, "Tiwa."

Èéfín àti epo tó fi ń múra de àwọn ará ọ̀hún, kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Ọ̀gá kan ní ẹ̀gbẹ́ tiwa níhìn-ín ló rí i, ó ní kí ni èyí, ti ta ni. Ẹni tó gbọ́n á ní ọkọ aládùúgbò òun ló ṣe é. Hàwáwù ní, "Ha, ọ̀gá, ohun àtijọ́ ni. Ti bàbá bàbá bàbá mi ni. Ó ti tó igba ọdún." Ó rò pé ọ̀gá á ní àlòkù ni, kó máa gbé e lọ. Ọ̀gá dìde ni. Ó ní òfin kò gbà kí ohun àtijọ́ ilẹ̀ wa jáde kúrò nílùú láìsí ìwé, pé irú wọn ni àwọn olè ń kó lọ tà fún òyìnbó. Ó gbà á, ó so páálí mọ́ ọn, ó gbé e sórí pẹpẹ.

Ìgbà tí mo máa lanu, gbogbo agboolé ló jáde. Mo ní, "Hàwáwù, ẹni a ní kó feni lójú, ata lo fi sẹ́nu! Ta ní kó o fọwọ́ kàn án? Bàtà ni? Bùbá ni? Ṣé mo ní kó o wẹ̀ ẹ́ lépo ni?" Ó ń sunkún, ó ní ire lòun ń wá, owó ẹnubodè lòun ò fẹ́ kí Lùkúmọ̀n san. Ire! Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún wá ire fún mi bẹ́ẹ̀.

Nínú ariwo yẹn ni mo gbọ́ ọkọ mi láti inú yàrá. "Lùkúmọ̀n?" Mo wọlé, mo nu òógùn ojú rẹ̀, mo ní, "Ó wà lọ́nà, bàbá Mariyah." Ọ̀nà náà ló kúkú wà.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo di gèlè mi le, mo kó Hàwáwù síwájú, ó di ẹnubodè. Mo ti ro gbogbo èébú tí mo máa bú ọ̀gá yẹn. Mo dé ibẹ̀, mo bá ọmọkùnrin kan tó wọ awò ojú, Túnjí lorúkọ rẹ̀, òun gan-an ni ọ̀gá náà; ó dìde kí mi, ó fún mi ní àga. Hàwáwù sún mọ́ ọn, ó ki nǹkan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó dá a padà. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í gbà á." Ẹ wo ayé mi! Látọjọ́ tí Hàwáwù ti ń gba ibẹ̀ kọjá, gbogbo ẹni tó ń pàdé ló ń jẹ. Ọjọ́ tí gòjé ọkọ mi débẹ̀ ni wọ́n rí olóòótọ́ rán síṣẹ́.

Ó gbé e sọ̀kalẹ̀ láàárín àwọn ère àti ilẹ̀kùn gbígbẹ́ tí ikán ti jẹ. Mo wò ó, n ò dá a mọ̀. Ojú awọ tó máa ń dán, tí àmì ara alégbà máa ń hàn lára rẹ̀ wínníwínní, ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó sì ń rùn.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ fi imú sún mọ́ ọn. Ohun àtijọ́ wo ló ń rùn bí ẹja ṣáwá?"

Ó ní, "Màmá, òkè ààrò náà ni àwọn bàbá wa ń fi nǹkan pamọ́ sí."

Mo ní, "Ọkọ mi ló ṣe é. Lọ́dún yìí."

"Ẹ mú ọkọ yín wá, kó wá sọ ọ́."

"Kò lè dìde. Ẹ̀gbà ló kọlù ú."

"Ẹ ní kó kọ̀wé."

"Ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé ló kú."

Ó wò mí, àánú mi ń ṣe é, mo rí i. Ó ní, "Màmá, gbogbo ẹni tí a bá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ níbí ló ní aláìsàn nílé. Obìnrin yìí fúnra rẹ̀ ló sọ pé ti bàbá bàbá bàbá òun ni. Mo tún un bi, ó tún un sọ. Ó tilẹ̀ búra."

Hàwáwù ní, "Irọ́ ni mo pa nígbà yẹn, ọ̀gá. Òótọ́ ni mò ń sọ báyìí."

Ó ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

Mo wá ibi tí mo máa ti bínú sí ọmọ náà, n ò rí i. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Ìyẹn ló tún wá bí mi nínú jù lọ. Tó bá jẹ́ jẹgúdújẹrá ni, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Olóòótọ́ ni, kí lèèyàn fẹ́ fi olóòótọ́ ṣe?

Ó ní ní ọ̀la ni mọ́tò ń bọ̀ wá kó gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ lọ sí olú-ilé-iṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọn á ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè pẹ́ oṣù, ó lè pẹ́ ọdún. Mo ní bí wọ́n bá wá ní ohun àtijọ́ ni ńkọ́? Ó ní ti ìjọba nìyẹn, mùsíọ́ọ̀mù ni wọn á gbé e lọ, wọn á fi sínú gíláàsì. Gíláàsì! Ohun tí ọkọ mi ṣe kí wọ́n lè ta á, kí ènìyàn lè gbọ́ ọ jó, kí wọ́n gbé e sínú gíláàsì kí àwọn ọmọ iléèwé máa nàka sí i!

Mo tutọ́ sí etí ìró mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Ìró mi dúdú, gòjé kò funfun. Túnjí tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò ojú rẹ̀ kó lè wo inú igbá. Eérú. Mo yíjú wo Hàwáwù, ó wolẹ̀. Ọmọ náà ní, "Màmá, ibi kan ṣoṣo. Ẹ fi ibi kan ṣoṣo tó jẹ́ tuntun hàn mí lára rẹ̀, màá tú u sílẹ̀ fún yín lójú ẹsẹ̀."

Mo mọ ibi tó wà. Abẹ́ awọ ni, létí igbá, níbi tí awọ ti gbẹ mọ́ ọn. Èéfín kò lè débẹ̀, epo kò lè débẹ̀. Ní gbogbo ara gòjé yẹn, ibẹ̀ nìkan ni ọwọ́ Hàwáwù kò dé.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀bẹ.

Hàwáwù di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ìyá Mariyah, má ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ́ ká pa dà sílé ká lọ wá ẹni tó mọ ẹnìkan." Mo ní, "Gbé ọwọ́ rẹ kúrò lára mi kí n má baà fi ọ̀bẹ yìí dáràn." Ó gbé e kúrò. Túnjí náà ti dìde, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ dájú?" Mo ní bí n ò bá dájú ńkọ́, ṣé á sùn síbí dè mí ni?

Mo ki ọ̀bẹ bọ abẹ́ awọ, mo sì ya á. Mo ń sunkún, mo ń ṣépè, n ò mọ ẹni tí mò ń ṣẹ́ ẹ fún. Etí igbá jáde, ó funfun, ó mọ́, bí ẹni pé àná ni wọ́n gé e. Àmì àtàǹpàkò mi wà nínú gọ́ọ̀mù tí a fi lẹ awọ mọ́ igbá, ó hàn kedere, níbi tí mo ti di etí kejì mú fún ọkọ mi. Mo gbé àtàǹpàkò mi lé e, ó bá a mu. Mo ní, "Bàbá bàbá bàbá Hàwáwù nìyí. Ẹ kí i."

Túnjí yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Tuntun ni." Ó tú páálí kúrò lára rẹ̀, ó gbé e fún mi tọwọ́tọwọ́, ó ní kí n má bínú. Mo gba gòjé tí kò lójú mọ́, mo sì bọ́ sọ́nà Àjàṣẹ́. Àwọn ará ọ̀hún kò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹni tó ń gbowó lórí igbá tó ti fọ́.

Lùkúmọ̀n gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Mo rò fún un. Kò bú wa. Ó ní awọ wà lọ́wọ́ òun, òun á nà án fúnra òun, òun á ṣe é dé ibi tí agbára òun mọ. Ènìyàn dáadáa ni, mo kí i, mo pa dà sílé.

Mo sọ fún bàbá Mariyah pé gòjé ti dé Àjàṣẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Alihamudu." Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń jẹun dáadáa, kò wo ògiri mọ́, ara rẹ̀ balẹ̀. Mo ní kí ó tán síbẹ̀. Ó dùn mí, mo gbé e mì.

Àfi bí Lùkúmọ̀n ṣe dédé yọ sí wa ní ọjọ́ Àìkú kan. Wàlímọ́ọ̀tì ti kọjá, àwọn èèyàn ti náwó fún un, ó ní òun ò lè jẹ oríire yẹn kí òun má wá kí ẹ̀gbọ́n òun. Gòjé náà wà léjìká rẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti na awọ tuntun bò ó, ó rẹwà. Kí n tó lè fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bá a sọ̀rọ̀, ó ti jókòó ti ẹní, ó ti ní, "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ yín rèé o," ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Gbogbo agboolé rọ́ wọlé. Hàwáwù náà wọlé.

Ojú bàbá Mariyah tàn. Ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ máa lu ẹní. Ó lù ú, ó lù ú, ó dúró. Ó ṣu ojú jọ. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí a bá ń na awọ. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Lùkúmọ̀n rí i, ó dá ọwọ́ dúró.

Ọkọ mi ní, "Ta ló ṣe é?"

Lùkúmọ̀n wò mí. Mo ní, "Ẹ̀yin ni, bàbá Mariyah. Ẹ̀yin lẹ ṣe é." Ó mi orí. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, kò rí i sọ, ó tún fẹ́ sọ ọ́, itọ́ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, mo fẹ́ nù ún, ó fi ọwọ́ òsì tì mí. Ó ní, "Tèmi dà?"

Hàwáwù, níbi tó dúró sí lẹ́nu ọ̀nà, ló ní, "Ó ṣáà ń dún, bàbá Mariyah. Ó dùn gan-an ni."

Ìgbà yẹn ni mo gbá a létí. Wọ́n ní mo gbá a níwájú àlejò, bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ ogún ọdún ni wá, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ sọ fún un kó wọlé tọ ọkọ mi lọ, kó dá a lóhùn ìbéèrè tó bi wá, nítorí ó ṣì ń bi mí láràárọ̀.